Kí Ẹ Tó Sọ Pé Dísìkì Yín Ti Kú

Níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ágbowó, "dísìkì mi ti kú" ni ẹjọ́ tí mò ń gbọ́ jù. Púpọ̀ nínú wọn ò kú rárá, ihò tí wọ́n ti wáyà rẹ̀ bọ̀ ló níṣòro.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan gbé tiẹ̀ wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, fọ́tò ìgbéyàwó oníbàárà ló wà nínú ẹ̀ o." Wọ́n ti dá owó ńlá lé e níbì kan pé àwọn máa bá a yọ fọ́tò náà jáde. Mo bi í pé kí ló ṣe sí ẹ̀rọ náà láìpẹ́. Ó ní òun ra SSD (dísìkì ayára tí kò ní ohun tó ń yí nínú) pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní M.2, òun sì fi sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan so mọ́, M.2 àti ihò SATA (ihò tí wáyà dísìkì ń wọ̀) kan tàbí méjì ló jọ ń lo ọ̀nà kan náà. Bí M.2 bá ti wọlé, àwọn ihò yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ó wà nínú ìwé tó bá bọ́ọ̀dù wá, ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Mo yọ wáyà háàdì dísìkì rẹ̀, mo gbé e lọ sí SATA1, gbogbo fọ́tò sì yọjú.

Ìbẹ̀rù pé fáìlì á nù bí a bá pààrọ̀ ihò ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àfi bó bá jẹ́ RAID ni (dísìkì bíi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n so pọ̀ bí ẹyọ kan), ìyẹn ẹ má fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Bí kọ̀ǹpútà ò bá wá gbéra mọ́, ẹ wọ BIOS (ojú ètò tó máa ń ṣáájú Windows), ẹ wo dísìkì tó fi síwájú. Ẹ má yí AHCI ibẹ̀ (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀) padà sí nǹkan mìíràn o, ojú búlúù ni Windows á fi kí yín.

Àwọn bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ ti nǹkan bí 2011 sí 2012 sábà máa ń ní oríṣi SATA méjì: gígábíìtì 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti 3. Wáyà kan náà ló ń wọ méjèèjì. Àwọ̀ ihò ò ṣeé gbọ́kàn lé, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo máa ń tàn sí i, kí n lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà, bíi SATA6G_1 tàbí SATA3G_3. SSD ni kí ẹ fún ní 6, torí ó lè sáré tó mégábáìtì 550 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ 3 ò lè gbé ju nǹkan bí 300 lọ. Ọ̀pọ̀ háàdì dísìkì tó ń yí kì í kọjá nǹkan bí 200, kí ló fẹ́ fi 6 ṣe? Bó bá sì jẹ́ 3 nìkan ni bọ́ọ̀dù yín ní, ẹ ṣì ra SSD. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò kéré.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Pé NEPA ti mú iná lọ ò tó, wọ́n lè mú un dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú ẹ̀. Wáyà tí kò ní irin ìdìmú lẹ́nu máa ń tú, pàápàá bí kọ̀ǹpútà bá ti gun Micra láti Mọ́níyà wá. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.