Chinon sí Richelieu: Ọ̀nà Rélùwéè Àtijọ́ Tí Mọ́tò Kò Gbọdọ̀ Gbà

Ọjọ́bọ̀, oṣù Karùn-ún

Òjò rọ̀ lóru, ó sì dá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Chinon lọ sí Richelieu, nítorí ojú ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀dà. Yanrìn àti òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n dà síbẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó máa ń le bí àgbàlá tí wọ́n gbá dáadáa. Bí òjò bá lù ú, òkè rẹ̀ á rọ̀ di ẹrẹ̀ funfun, á máa lẹ̀ mọ́ táyà, ẹsẹ̀ á sì mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ sí i. Kí èèyàn má retí eré àná lórí ilẹ̀ òní. Kí ó fi ìdá mẹ́rin wákàtí kún àkókò tó dá, kí ó sì máa lọ jẹ́jẹ́.

Ọ̀nà yìí, nǹkan bí 20 km, wà ní gúúsù ẹkùn Touraine, nílẹ̀ Faransé. Rélùwéè ló ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ká irin kúrò, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ohun tí àwọn Faransé ń pè ní voie verte, ìyẹn ọ̀nà tí òfin fi lé ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Pé ó ti jẹ́ ọ̀nà rélùwéè rí ló mú kó rọrùn báyìí. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tó ga, nítorí náà àwọn tó la ọ̀nà náà gé òkè lulẹ̀, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò, wọ́n sì fi afárá kọjá odò. Èèyàn lè wa kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí gíá kan tàbí méjì. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kì í sinmi, nítorí kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ á ti máa dá lọ. Ìdí ló máa ń kọ́kọ́ ro èèyàn níbí, kì í ṣe itan. Ẹ máa dìde dúró lórí pẹ́dàlì fún ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wù wá jù lọ níbẹ̀ ni pé etí rí iṣẹ́ ṣe. Níbi tí ariwo ẹ́ńjìnnì kò sí, táyà ló ń sọ irú ilẹ̀ tí a wà. Bí ó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ó sì le. Bí ìró náà bá di ṣìì, omi ti wà nínú yanrìn. Bí ó bá dákẹ́ lójijì tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì fẹ́ yí fúnra rẹ̀, yanrìn jíjìn lẹ bọ́ sí yẹn. Ẹ má tẹ bíréèkì iwájú níbẹ̀. Ẹ fi ara sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tú ọwọ́, kí ẹ sì máa wà á nìṣó. Nílẹ̀ Faransé, òfin ti ka fífi ohun tí a fi ń gbọ́ orin sí etí lórí kẹ̀kẹ́ léèwọ̀ láti ọdún 2015. Lọ́nà yìí, a ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi fẹ́ ẹ. Oṣù Karùn-ún ni ẹyẹ rossignol ń kọrin nínú igbó etí omi, ó sì ń kọ ọ́ lọ́sàn-án gangan.

Nípa táyà: èyí tó fẹ̀ tó 40 mm ló bá ilẹ̀ yìí mu. 35 mm ṣì lè gbé èèyàn, ṣùgbọ́n yóò máa rì níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Fún ẹni tí òun àti ẹrù rẹ̀ wọn nǹkan bí 85 kg, tí táyà rẹ̀ kò ní túùbù nínú, a máa ń fi atẹ́gùn 32 psi (ìwọ̀n tó wà lára gééjì táyà) sí ti iwájú, 36 sí ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń lo túùbù, kí ó fi bí márùn-ún sí mẹ́jọ kún un, nítorí bí atẹ́gùn bá kéré, gbòǹgbò igi tó yọrí á fún túùbù mọ́ irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, á sì lu ihò méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ á máa fò lórí òkúta, ọwọ́ á kú, táyà ẹ̀yìn á sì máa yọ̀. Gééjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Ẹ̀gún ni ọ̀tá tó wọ́pọ̀. Àwọn àgbẹ̀ máa ń fi katakata gé ọgbà ẹ̀gún etí oko wọn, èyí tó bá sì bọ́ sílẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ́. Omi tó ń dí ihò nínú táyà, nǹkan bí 60 ml fún táyà kọ̀ọ̀kan, máa ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹ bá fa ẹ̀gún yọ, ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí ihò náà wà nísàlẹ̀, kí omi náà lè dé ibẹ̀. Bí ó bá ṣì ń hó lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ ki okùn rọ́bà bọ inú ihò. Omi náà máa ń gbẹ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta nígbà ooru, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀ títí táyà á fi jò mọ́ wọn lọ́wọ́ lágbedeméjì oko àlìkámà.

Ẹ ṣọ́ra ní oríta. Níbi tí ọ̀nà yìí bá ti pàdé títì, oníkẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń dúró fún mọ́tò, kì í ṣe mọ́tò fún oníkẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà níbí, bíi ti Nàìjíríà, nítorí náà apá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n tún máa ń ri òpó tàbí irin ìdènà sí ẹnu ọ̀nà kí mọ́tò má bàa wọlé. Ẹni tó bá fi àpò ńlá kọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè há. Òpó àárín ọ̀nà ló tún léwu jù: tí èèyàn bá ti inú oòrùn já sí abẹ́ igi lójijì, ojú kì í tètè rí i.

Ní Champigny-sur-Veude, nǹkan bí 6 km kí a tó dé Richelieu, ó yẹ kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ilé olódi ńlá kan wà níbẹ̀ nígbà kan. Kádínà Richelieu, alágbára ìjọba Ọba Louis Kẹtàlá, ní kí wọ́n wó o. Ilé ìjọsìn rẹ̀ yè, fèrèsé rẹ̀ sì kún fún gíláàsì aláwọ̀ mèremère láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Láti ọdún 1631 ni Kádínà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Jacques Lemercier ló ya àwòrán rẹ̀: títì rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ògiri yí i ká, ó sì ní ẹnubodè. Ìlú náà ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ààfin Kádínà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tú u palẹ̀, tí wọ́n ta òkúta rẹ̀. Ọgbà ńlá náà ṣì wà, igi rẹ̀ sì ga, ó dára fún oúnjẹ ọ̀sán.

Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ ra á kí aago méjìlá tó lù. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù abúlé ń ti ilẹ̀kùn láti aago méjìlá sí aago méjì, ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ìgò omi méjì, 750 ml kọ̀ọ̀kan, tó fún ọjọ́ tí ooru kò mú. Ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà ní ibi ìsìnkú abúlé. Ẹ wo àkọlé rẹ̀: eau potable ṣeé mu, eau non potable kò ṣeé mu.

Bí a bá padà dé Chinon, ṣéènì á ti funfun. Eruku ẹfun àti òróró tó ki, tí wọ́n bá pò pọ̀, á máa lọ irin. Òróró fúyẹ́ tó ní ìda nínú ló dára jù níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń tètè fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ṣéènì, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, ẹ kán ẹ̀kán kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó mu ún, kí ẹ sì nu ìta rẹ̀ gbẹ. Ẹ wo páàdì bíréèkì náà. Bí ó bá ti tín-ín-rín tó 1 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ yìí ń jẹ ẹ́ kíákíá.

Lọ́la, ọ̀nà á tẹ̀lé odò Vienne dé Candes-Saint-Martin, níbi tí Vienne ti bọ́ sínú odò Loire, tí ilé olódi Montsoreau sì wà nítòsí. Ibẹ̀ kò dà bí ti òní. La Loire à Vélo ni wọ́n ń pè é, nǹkan bí 900 km ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mọ́tò kò gbọdọ̀ gbà. Àwọn apá kan jẹ́ títì kékeré tí àwọn ará abúlé ń wa mọ́tò lórí rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá gba orí òkìtì gíga tí wọ́n mọ sí etí odò láti dènà ìkún omi, igi kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, atẹ́gùn ìwọ̀ oòrùn á sì máa kọjú sí ẹni tó ń lọ sí apá òkun. Ẹ tètè jáde láàárọ̀. Bó ti wù kí ooru mú tó, ẹ má wẹ̀ nínú Loire. Yanrìn àárín odò náà dà bí ilẹ̀ líle lójú, àmọ́ omi ń gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì lè já lulẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó dúró lórí rẹ̀.