Pẹ́pẹ́yẹ Jámánì

Irọ́ tí mo pa fún Ìyá Àjàṣẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi sàba lé e lórí pẹ̀lú ẹyin tí mo tìtorí rẹ̀ pa á, mi ò sì lè sọ èyí tó gba oorun lójú mi jù nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóbìnrin ni Ìyá Àjàṣẹ́. Àjàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ń sin pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi kò tíì gbé ìyàwó. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu lọ́dún tó kọjá, tí dókítà sì ní kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní Ìlọrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ní Gáà-Akanbí ni àwọn ẹbí ní kí wọ́n wá dé sí, nítorí pé èmi ni mo ní yàrá kan tó ṣófo. Yàrá náà kò ṣófo. Ejò ló wà níbẹ̀.

Òjòlá kékeré ni ejò náà, irú èyí tí kò ní oró, tó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ roboto, tí yóò sì fi orí pamọ́ sáàárín. Ìdí nìyẹn tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní ball python, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó irú rẹ̀ láti Gánà, Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin lọ fún àwọn tó ń sìn ín ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Ouidah, tẹ́ḿpìlì ni wọ́n kọ́ fún un. Ní Gáà-Akanbí, igi ni wọ́n máa ń mú sí i. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìgbàjà ni mo ti gbà á, nígbà tí àdá ti wà lókè, láìmọ̀ pé abo ni, àti pé ẹyin ti wà nínú rẹ̀. Ní àárín oṣù kẹta, mo ṣí àpótí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ká mọ́ ẹyin 6.

Ẹyin òjòlá kò rí bí ẹyin tí a ń jẹ. Ó funfun, ó gùn ju ẹyin adìyẹ lọ, èèpo rẹ̀ sì rọ̀ bí awọ, tó fi jẹ́ pé bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti lẹ̀ mọ́ra wọn típẹ́típẹ́, méjì dá wà. Mo gún háhá àgbọn kúnná, mo fi omi rin ín, mo fún un títí omi kò fi kán mọ́, mo tẹ́ ẹ sínú ike onídèérí, mo to ẹyin lé e, mo sì gbé ike náà sínú kúlà àtijọ́ kan pẹ̀lú tẹmọ́mítà. Ooru tí ẹyin náà ń fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 31 sí 32, fún nǹkan bí ọjọ́ 55 sí 60. Ẹni tó bá ń gbé ní Jámánì yóò máa wá bí yóò ṣe mú un gbóná. Ní Ìlọrin, lábẹ́ òrùlé páànù, nínú oṣù kẹta, omi tútù inú ìgò ni mo ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike lọ́sàn-án kí ẹyin má baà sè, tí mo tún ń tan gílóòbù lóru nígbà tí iná bá wà, tí mo sì ń fi ìgò omi gbígbóná rọ́pò gílóòbù nígbà tí kò bá sí.

Nígbà tí Ìyá kù ọ̀la kí wọ́n dé, mo di ejò sínú àpò ìrọ̀rí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Tańkẹ̀. Ẹyin ni kò ṣeé gbé. A máa ń yí ẹyin adìyẹ, àní ó yẹ kí a máa yí i, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì tí ejò bá ti yé, ọmọ inú ẹyin ti so mọ́ èèpo lókè, bí wọ́n bá sì dojú rẹ̀ dé, ó lè kú síbẹ̀. Mo ti fi pẹ́ńsù fa àmì sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun ọ̀kadà.

Ìyá dé, wọ́n kí mi, wọ́n kí ilé, wọ́n sì lọ tààrà síbi kúlà.

"Àkànní, kí ló wà nínú èyí?"

"Ẹyin ni, mà."

"Ẹyin kí ni?"

Nínú gbogbo ẹyẹ tí Ọlọ́run dá, èyí tí Ìyá Àjàṣẹ́ mọ̀ ju orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ ni ahọ́n mi mú. Mo ní, "Pẹ́pẹ́yẹ."

Ojú wọn kò ríran dáadáa nígbà náà, ṣùgbọ́n ìka wọn ríran. Wọ́n tẹ ẹyin kan, ó tẹ̀. Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. Mo yára sọ pé pẹ́pẹ́yẹ Jámánì ni, pé bí tiwọn ṣe ń rí nìyẹn. Ìyá mi orí, wọ́n ní ebi ló ń pa pẹ́pẹ́yẹ àwọn Òyìnbó, kò sí egungun nínú oúnjẹ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gún ìkarahun ìgbín, wọ́n sì ti bù ú wọ́n orí ẹyin bí ẹni ń fi ata sí súyà. Odindi wákàtí kan ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò.

Èyí tó bani lẹ́rù kò tíì dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ṣí ike, mo sì ka àmì pẹ́ńsù: mẹ́rin péré ni mo rí. Àwọn ẹyin méjì tó dá wà ti dojú délẹ̀.

"Mo bá ọ yí wọn," Ìyá sọ̀rọ̀ láti orí ẹní. "O kì í yí ẹyin, Àkànní, o fẹ́ kí wọ́n kú sórí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mẹ́rin yẹn ló kọ̀, wọ́n lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tú wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ti Jámánì kì í yí, wọn kì í sì í tú u. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn ará Jámánì ni. Mo dá ẹyin méjèèjì padà sí bí wọ́n ṣe wà, mo sì ra àgádágodo fún kúlà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àgádágodo yìí ló tún wá bà á jẹ́. Ìyá ka ìtumọ̀ mìíràn sí i: ohun tí wọ́n bá tì pa, ó níye lórí. Wọ́n sọ fún Àlhájà tó wà ní òdìkejì wa, Àlhájà sọ fún télọ̀, télọ̀ sọ fún Àlùfáà, kí n sì tó gbọ́ ohunkóhun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti san àsansílẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà fún ọmọ pẹ́pẹ́yẹ Jámánì kọ̀ọ̀kan, Àlùfáà tilẹ̀ san ti méjì. Ìyá fi owó náà ra aṣọ. Aṣọ náà dára, kí n má purọ́ kún irọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ tiwa máa ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35. Ní ọjọ́ 36, Ìyá, tó ti ń kà á bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà, kéde pé gbogbo rẹ̀ ti dòbu, kí n lọ dà á nù kí ó tó máa rùn. Mo ní ti Jámánì máa ń pẹ́.

"Ó ń pẹ́ tó báwo?"

"Bí ọgọ́ta ọjọ́, mà."

"Ẹyin ni, àbí oyún?"

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí wọn yóò padà sí Àjàṣẹ́, wọ́n gba jígí ojú wọn. Wọ́n ka ìwé ara ògiri, wọ́n sọ fún mi pé mo ti rù, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ṣí kúlà kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹyin. Mi ò rí ọgbọ́n mìíràn dá. Wọ́n tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin kan, òjìji kan sì yí padà nínú rẹ̀, ó lọ́, ó tún lọ́. Ìyá dákẹ́ pẹ́.

"Àkànní, ọrùn pẹ́pẹ́yẹ yìí mà gùn o."

Ó di ọjọ́ 57, ọjọ́ Jímọ̀. Mo ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi. Mo ti gbàgbé láti ti kúlà. Nígbà tí mo fi tówẹ́ẹ̀lì sáré dé ibẹ̀, ẹyin kan ti là tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni fi abẹ là á, orí kékeré kan tó ń dán sì yọ jáde láti ojú ibi tó là náà, ó dúró síbẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe: wọn yóò yọ orí, wọn yóò sinmi fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí wọn yóò fi fa ìyókù pupa ẹyin sára. Ìyá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, jígí wọn sún dé orí imú.

"Àgógó rẹ̀ dà?"

Mi ò fèsì.

"Àkànní, mo ní àgógó rẹ̀ dà?"

Ọmọ náà dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀. Ó yọ ahọ́n, orí ahọ́n náà là sí méjì, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú un wọlé. Ìyá sọ pé "Súbúhánáláhì" lẹ́ẹ̀mẹta, ní ohùn jẹ́jẹ́, wọ́n dìde láìdi ohunkóhun mú, wọ́n sì bọ́ sí ìta. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ń fi òróró pa láti ọdún yìí wá, mi ò mọ ìgbà tó ti san.

Ọmọ márùn-ún ló jáde. Ẹyin kẹfà kò là, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n yí ni. Ó lè jẹ́ yíyí náà ló fà á, mi ò sọ ọ́ létí Ìyá. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn ti wà ní Tańkẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsansílẹ̀ ló kù, aṣọ sì ti di rírán. Mo lọ sí ọjà Ìpàtà, mo fi owó ara mi ra ọmọ pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin, mo kó wọn wálé nínú páálí.

Àlhájà gbé tirẹ̀ sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Pẹ́pẹ́yẹ Jámánì yìí kò mà yàtọ̀ sí èyí tó ń rìn káàkiri nílẹ̀ wa níbí."

Mo la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ìyá Àjàṣẹ́ ló ti jígí sókè, tí wọ́n sì dáhùn láìrẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ kò tíì gbọ́ bó ṣe ń ké ni, Àlhájà."