0.67 tó ń tàn wá jẹ

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn mímí nínú láàbù ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Mi ò sọ ti ká máa ka iye ìgbà téèyàn mí ní ìṣẹ́jú kan o, iye ọ́síjìn tí ara ń lò àti iye CO2 tó ń tú síta ni mò ń sọ, ì báà jẹ́ eku, ì báà jẹ́ kòkòrò.

Ẹ̀rọ tí à ń lò nígbà yẹn, tóo bá wọn nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nọ́ńbà kan náà lo máa rí, inú wa sì ń dùn sí i gan-an. A tún máa ń dán an wò, a ó tan àtùpà ethanol (ọtí tó ń jó) sínú àpótí ẹ̀ tá a máa ń fi ẹranko sí, torí tí ethanol bá jó tó lo ọ́síjìn mẹ́ta, CO2 méjì ló máa mú jáde, tóo bá fi mẹ́ta pín méjì, 0.67 ni, 0.67 yẹn náà la sì ń rí lójoojúmọ́. Àṣé iye ọ́síjìn tí à ń kọ sílẹ̀ kì í ṣe òótọ́ rárá!

Ọjọ́ tá a gbé àtùpà yẹn sórí síkéèlì ká tó tàn án, tá a tún gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn tá a pa á, lọ́rọ̀ tó yọ. Gíráàmù kan ethanol yẹ kó jẹ ọ́síjìn bíi gíráàmù 2.08, ẹ̀rọ ní 2.3. Rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló lu, láàárín mítà tó ń ka atẹ́gùn àti àpótí, atẹ́gùn tí mítà ti kà ń jò sọnù lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ ṣì ń fi gbogbo ẹ̀ ṣírò. Bó ṣe sọ ọ́síjìn di púpọ̀ náà ló sọ CO2 di púpọ̀, tóo bá wá pín wọn, àṣìṣe yẹn á pòórá. Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wọn ethanol yín, kó sì jẹ́ èyí tí kò lómi nínú, tó bá lómi síkéèlì náà á máa purọ́ ni.

Omi inú afẹ́fẹ́ náà tún ń kó bá èèyàn. Ọ́síjìn 20.95% ló wà nínú afẹ́fẹ́ tó gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ ọ̀hún bá kún fún omi ní 25°C, nǹkan bíi 20.3% ló kù, bẹ́ẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó mí o! Ìyẹn lè ju ohun tí eku fúnra ẹ̀ lò lọ. Ẹ gbẹ afẹ́fẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ọ́síjìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọn ẹja nínú omi, ẹ máa wọn àpótí náà pẹ̀lú omi nìkan, láìsí ẹja nínú ẹ̀, torí bakitéríà inú omi ń mí.

Tiwa yẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la dà nù, torí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí rọ́bà yẹn lu.