Síkáànì mọ́, inú mi ò yéé run: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ojú ibi tí wọ́n là níkùn mi ṣì ń ta mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìgò omi gbígbóná lé abẹ́ ìdodo lóṣooṣù, tí àwọn ará ilé ń ní ẹ ń kẹ́ra yín jù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló burú jù. Èmi ni mò ń bu ọbẹ̀. Ìrora náà mú mi lábẹ́ ìdodo, ó gba ìdí, ó sọ̀ kalẹ̀ sítan. Mo sá wọ ilé ìwẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ taṣọẹbítaṣọẹbí, mo di etí báàfù mú. Mo fẹ́ yàgbẹ́, bí ẹni ń fọ̀bẹ gún mi nídìí ni. Mo fẹ́ bì, kò jáde. Àǹtí mi kan wá kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ nìkan ló ń ṣe nǹkan oṣù ni? Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Dìde, àlejò ò tíì jẹun." Mi ò lè dá wọn lóhùn. Ìgbà tí mo máa lajú, omi ni wọ́n ń wọ́n sí mi lójú, ẹnì kan ń pariwo pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí wọ́n wá àgbo.

Ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ ya síkáànì. Kò sí ìjù, kò sí oyún. Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ lọ́kọ, pé bí mo bá bímọ á lọ.

Ẹ gbọ́ mi o: síkáànì tó mọ́ kò ní kí àìsàn má sí. Endometriosis ló ń ṣe mí. Ẹran ara tó jọ èyí tó tẹ́ inú ilé ọmọ ló ń hù níta ilé ọmọ, lára ilé ẹyin, ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Ibẹ̀ á máa wú, á dégbò, á máa lẹ nǹkan inú pọ̀. Síkáànì kì í sábà rí èyí tó fẹ́lẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in. Dókítà mìíràn ló bi mí bóyá ìgbẹ́ máa ń dùn mí nígbà nǹkan oṣù. Wọ́n fi kámẹ́rà wọ inú mi láti ìdodo, wọ́n rí i, wọ́n yọ ọ́, mo ti wálé.

Mi ò ní ti gbogbo èèyàn rí bẹ́ẹ̀ o. Ìjù wà, kókó inú ilé ẹyin wà, àrùn àpò ìtọ̀ náà wà. Àtọ̀sí tí a ò tọ́jú lè gòkè wọ ilé ọmọ. (Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní oníṣekúṣe, èmi kọ́ ni mo ní in, ẹni tó bá sì ní in, kó lọ gba oògùn, kí ọkọ náà gbà.) Bí nǹkan oṣù bá pẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ kan abẹ́ ikùn ń dùn, tí òòyì ń kọ́ni tàbí tí èjìká ń ro, oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ. Ìyẹn ò gba àgbo, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ máa kọ ọjọ́ tó dùn yín sí fóònù, àti bóyá ìgbẹ́, ìtọ̀ tàbí ìbálòpọ̀ ló fà á. Bí wọ́n bá wá fi ìwé síkáànì lé yín lọ́wọ́ pé ó mọ́, ẹ má tíì dìde. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé kí ẹ lọ rí dókítà àìsàn obìnrin.