Ọtí aláìní

"Ọtí aláìní nìyí." Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wa ọkùnrin rọra sọ ọ́ sí ìyàwó rẹ̀ létí ni, ó rò pé ilé ìdáná jìnnà sí pálọ̀. Kò jìnnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀, ẹ mọ bí ilé yìí ṣe rí.

Ọjọ́ Àìkú ni. Òjò fi gbogbo àárọ̀ rọ̀, a lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a dé, àwọn àlejò Bọ̀dá mi wá, wọ́n jẹ iyán, wọ́n lọ. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá báyìí, gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣì ń gbọ́.

Àgàdàgídí, ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni mo gbé fún wọn. Láti Ọjọ́rú ni mo ti rẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n débi pé èèpo rẹ̀ ti dúdú ni, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní Ọjà Ọba máa ń tà ní ọ̀pọ̀ nírọ̀lẹ́ kó má bàa bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo bó o, mo gé e, mo da omi tó ti hó tó sì ti tutù lé e lórí, mo fi aṣọ funfun bo ẹnu ike. Mi ò kì í dé e pa. Bí ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń di ọtí ni afẹ́fẹ́ ń jáde lára rẹ̀, bí kò bá sì ríbi gbà, á gbé ọmọrí dànù ni. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ alẹ́, ó ti ń ru. Láàárọ̀ yìí mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn, ó sì ń ta ahọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó dára. Mo mọ̀ pé ó dára.

Ọtí aláìní.

Ohun tó ń dùn mí ni pé irọ́ kọ́ ló pa. Owó ò sí. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti dàrú ni… Bí owó bá wà, bóyá wáìnì ni ǹ bá gbé kalẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn wáìnì, mi ò ní purọ́ fún ara mi. Ìgò Pinotage tí mo rà lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mu ún, ife kan lálẹ́, tí mo bá mu tán mo dé e padà, mo gbé e sínú fíríìjì. South Africa ni àjàrà yẹn ti wá. Ní 1925 ni Abraham Perold, onímọ̀ nípa àjàrà kan, so oríṣi àjàrà méjì pọ̀ ní Stellenbosch níbẹ̀, hóró mẹ́rin péré ló sì gbìn sí ọgbà ilé rẹ̀. Nígbà tó kó kúrò níbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ro wọ́n dànù mọ́ koríko. Inú ọgbà tí igbó ti fẹ́ bò ló ti wá. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ọtí aláìní.

Àbí ẹ̀rù ló ba ọkùnrin yẹn ni? Èèyàn Oǹdó kan ò lè gbàgbé Òde-Ìrèlẹ̀. Oṣù kẹrin 2015, ògógóró tí methanol, irú ọtí tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ pa èèyàn níbẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú. Èmi náà kì í ra ògógóró tí mi ò bá mọ ẹni tó sè é. Ṣùgbọ́n èmi ò se nǹkan kan, mo rẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Rárá, kì í ṣe ẹ̀rù. Ó mu ife méjì.

Màmá àgbà mi ní Oǹdó máa ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Á rẹ àgbàdo títí yóò fi hù, á sá a sóòrùn, á lọ̀ ọ́, á sè é, á wá fi sílẹ̀ kó kan. Ahá ló fi ń bù ú fún èèyàn. Nígbà náà, ẹni tí kò bá débẹ̀ tètè ló máa ń banú jẹ́. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ rí. Tàbí wọ́n ń sọ ọ́, tí èmi ọmọdé ò gbọ́ ni? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun náà máa ń wà nílé ìdáná…

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ màá tún jí lọ ra ẹmu ní ọ̀nà Ìdànrè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bí ẹmu bá ti ń kán sínú agbè ló ti ń yí padà, èyí tó dùn bí oyin láàárọ̀, tó bá dìrọ̀lẹ́ ó ti kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà méjèèjì.

Ìyàwó ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń lọ, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ mélòó lẹ fi rẹ ẹ́?" Mo ní mẹ́rin. Mo ní kó má dé ike pa. Mi ò sọ pé mo gbọ́.

Ó ku bí ife kan nínú jọ́ọ̀gì. Tí mo bá fi sílẹ̀ di ọ̀la, á ti le sí i.