Lẹ́tà kan péré

Ọ́fíìsì ìwádìí ní ká kó gbogbo iṣẹ́ tá a ti tẹ̀ jáde wá. Mo tẹ orúkọ mi sínú Google Scholar, ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láàárọ̀ yìí, mẹ́rin péré ló jáde. Èmi tí mo kọ mọ́kànlá!

Àyà mi là gààrà. Àṣé lẹ́tà tó dúró fún orúkọ mi tó wà láàárín ni: ó wà lórí mẹ́rin, kò sí lórí méje, ni wọ́n bá sọ mí di èèyàn méjì. h-index mi (tó bá jẹ́ 3, iṣẹ́ mi mẹ́ta làwọn míì ti tọ́ka sí, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀kọ̀ọ̀kan) pín bí ogún bàbá, 3 níbí, 4 lọ́hùn-ún.

Nọ́ńbà ORCID, fígọ̀ 16 tí wọ́n ti ń fún olùwádìí látọdún 2012 kí iṣẹ́ rẹ̀ lè wà lójú kan bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ lóríṣiríṣi, mo ti gbà á tipẹ́. Mi ò kàn lò ó rí ni (ọ̀lẹ ni, mi ò ní purọ́).

Ṣé èmi nìkan nirú èyí ṣẹlẹ̀ sí?