Ohùn tó ti fọ́ ní preamp, compressor ò lè tún un ṣe

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀, mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ki wáyà bọ máìkì. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ nípa máìkì, preamp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè) àti compressor (ẹ̀rọ tó ń rọ ohùn tó bá le jù sílẹ̀), torí ó ti sú mi kí ẹ máa gbé fáìlì tó ti bàjẹ́ wá pé "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tún un ṣe."

Èkíní ò gùn. Ẹ rọ gain (bọ́tìnì tó ń pinnu bí preamp ṣe ń gbé ohùn sókè tó) sílẹ̀ pátápátá, ẹ pa spíkà, ẹ ki máìkì bọ wáyà, kí ẹ tó tan 48V, iná tí preamp ń fi gba inú wáyà lọ sí máìkì. Máìkì condenser ló ń bèèrè iná yẹn, dynamic ò bèèrè rẹ̀. Máìkì ribbon àtijọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí wáyà bá lábùkù, 48V lè já fọ́nrán inú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yọ máìkì kúrò lára wáyà, ẹ kọ́kọ́ pa iná náà, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan.

Èkejì ni gain, ibẹ̀ lẹkún wà. Akọrin á dé, ẹ ní kó dán máìkì wò, á ní "haló, haló" bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyẹn lẹ fi yí gain títí mítà fi dé −10 (dB la fi ń wọn ohùn, 0 ni òpin mítà). Nígbà tí orin bá wọ̀ ọ́ lára tó figbe ta, ohùn yẹn lè fi 15 dB ga ju haló lọ. Àyè tán nínú preamp, ó bẹ́ orí ìgbì ohùn pẹrẹsẹ bí ẹni fi àdá gé koríko. Ohùn á ha, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Ẹ̀yìn preamp sì ni compressor wà: ohùn fífọ́ ló bá a, ohùn fífọ́ náà ló máa gbé jáde, kàn ti rẹlẹ̀ díẹ̀ ni. Ohun tó ń tan yín jẹ rèé: mítà kọ̀ǹpútà á ṣì máa fi −8 hàn, àwọ̀ ewé á máa tàn, torí compressor ti rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí akọrin bá ti lọ tán, tí ẹ fi headphone gbọ́ ọ lóru, lẹ ó tó mọ̀.

Ẹ yọ compressor kúrò lọ́nà ná. Ẹ ní kó kọ ibi tó le jù nínú orin, níbi tó máa dúró sí gan-an. Ẹ jẹ́ kí téńté rẹ̀ wà láàárín −12 sí −10, kí ẹ tún yọ 3 dB, torí ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó lo gbogbo agbára rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Bí gain bá ti wálẹ̀ tán tí iná pupa ṣì ń tàn, ẹ tẹ pad −20, bọ́tìnì tó ń fi 20 dB dín ohùn kù kó tó wọ preamp. Ní ìgbasílẹ̀ 24-bit, tí àyè ohùn rẹ̀ gbòòrò, kò sẹ́ni tó ń lé yín dé 0.

Ẹ̀kẹta, ìyẹn compressor fúnra rẹ̀, ti wọnú èkejì báyìí. Ká ní threshold (ibi tí compressor ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) wà ní −20, ratio 4:1 (4 dB tó bá kọjá ibẹ̀ á di 1), ohùn sì dé −8. Ó fi 12 kọjá, 3 péré ló jáde, 9 dB ti lọ. Ẹ wá fi make-up (bọ́tìnì tó ń gbé ohùn padà sókè) dá 9 yẹn padà: ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó wà ní −60 ti gòkè dé −51. Bí akọrin bá ti dákẹ́ láti mí, jẹnẹrétọ̀ á gba orin. Nígbà ìgbasílẹ̀, 3:1, kí abẹ́rẹ́ tó ń fi iye tí compressor rọ̀ sílẹ̀ hàn má lọ ju 3 sí 4 dB, ó tó.

Gángan ló máa ń tú àṣírí yín jù. Attack (àkókò tí compressor fi ń gba ohùn mú) 1 ms, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, á gbé ìró kọ̀ngọ́ mì, ìlù á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òkèlè dí lẹ́nu. Ẹ fún un ní 20 sí 30 ms. Compressor 1176 ńkọ́? Òdì ni nọ́ńbà attack tirẹ̀: 7 ló yá jù, 1 ló lọ́ra jù, 1 náà ò sì ju 800 microsecond lọ, ìyẹn 0.8 ms. Kò sí ibi tí ẹ máa yí i sí tí kò ní gbé ìró kọ̀ngọ́ mì. Input (bọ́tìnì tó ń pinnu bí ohùn ṣe ń wọ inú rẹ̀ tó) ni kí ẹ dín kù, kí abẹ́rẹ́ má kọjá 2 dB, tàbí kí ẹ gba ìlù náà sílẹ̀ láìfi compressor sí i.